Ohun tí Fuatino Sọ Nípa Aṣọ Dídán

Bí o bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Fuatino jẹ́, fọ́tò ni kí o fi hàn án. Ti ìgbéyàwó ló sàn jù. Àwa yòókù nínú ilé tí a ti ń hun ẹní á kàn wò ó, a á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n mà rẹwà o," a á sì gbé e fún ẹni tó kàn. Fuatino ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni. Á nà án jìnnà sí ojú, á fún ojú pọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní kí ìyàwó dúró síbi tí oòrùn ti ń gún un lójú? Kí ló dé tí ọkọ ń wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àtisá? Òdòdó tí wọ́n tò sẹ́yìn wọn yẹn ńkọ́, ṣé rọ́bà nìyẹn, ní erékùṣù tí òdòdó ti ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá? A á rẹ́rìn-ín títí ewé tí a ń hun á fi bọ́ lọ́wọ́ wa.

Èmi ni Moelagi. Ìyàwó ilé ni mí ní Saleuta, ọkọ ló gbé mi wá síbí láti etíkun kejì erékùṣù Savai'i. Èmi àti Fuatino ti jọ ń jókòó lórí ẹní kan náà látìgbà tí irun wa ṣì dúdú. Ọmọ ilé ni òun. Ó ń pè mí ní "ìyàwó wa", èmi náà ń pè é ní "ẹ̀gbọ́n", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí n dàgbà jù ú lọ. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní díbọ́n pé kò bí mi.

Ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni obìnrin abúlé ti rí gbogbo èrò yìí kó jọ, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ni. Pelenato, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ló ń gbé ẹ̀rọ fíìmù káàkiri abúlé láyé ìgbà tí a ò tíì mọ tẹlifíṣọ̀n. Á gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, á ta aṣọ funfun sáàrin igi gbẹ̀rẹ̀fútù méjì, gbogbo ìlú á sì kó ẹní wá. Òyìnbó ni fíìmù náà ń sọ, a ò gbọ́. Fuatino tó ti jókòó díẹ̀ nílé ìwé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ìjọ Àgùdà ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà tó ń túmọ̀ fún wa. Kì í túmọ̀ lásán. Bí òṣèré bá ní òun fẹ́ràn ọmọge, Fuatino á kígbe pé, "Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀. Irọ́ ló ń pa. Ẹ wo ojú ẹ̀!" Bí ọlọ́pàá inú fíìmù bá ń lé olè, á ní, "Ọlọ́pàá ò mọ̀ pé olè wà lókè. Ṣé ẹ̀yin náà ò rí bàtà ẹ̀ ni?" Àwọn èèyàn máa ń rìn láti abúlé kẹta, kì í ṣe nítorí fíìmù. Nígbà tí Pelenato kú, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó di ọmọ osú láàrin àwọn ọmọbìnrin ilé, ó sì kó èrò rẹ̀ bọ̀ wá fún wa nínú ilé ẹní.

Kò sí ohun tó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn télọ̀ ìsinsìnyí ń rán puletasi wa, ìyẹn bùbá gígùn àti ìró tí gbogbo wa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ obìnrin lára débi pé kò ní lè ká ẹsẹ̀ jókòó mọ́, obìnrin tí kò bá sì lè ká ẹsẹ̀ jókòó, irú àlejò wo ló fẹ́ gbà? Ó ní àwọn olórin ò kọrin mọ́, ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, wọ́n kàn ń yá a lẹ́nu. Ó ní fọ́tò tí fóònù bá yà, ó máa ń bó èèyàn láwọ̀: "Mo rí fọ́tò ọmọ kan, mo rò pé ọmọ náà ti kú ni, ojú ẹ̀ funfun báyìí!" Ti fíìmù ló burú jù. Ó ní bí òyìnbó bá gbé kámẹ́rà dé etíkun wa, kí a tètè wá ọmọge kan tí yóò máa wẹ̀ lódò fún wọn, nítorí wọn ò mọ fíìmù mìíràn ṣe. Bí ọkùnrin ilẹ̀ wa bá sì fara hàn nínú fíìmù ìjà wọn, kí a tó rọra jókòó, wọ́n á ti pa á.

Òun kan náà ló ń darí Ọjọ́ Ìsinmi Funfun. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní Samoa mọ ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́. Ní oṣù kẹwàá, àwọn ọmọdé ló ni ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wọ funfun, wọ́n á ka ẹsẹ Bíbélì lórí, wọ́n á ṣe eré, wọ́n á sì kọ́kọ́ jẹun kí àgbà tó jẹ, àgbà ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Fuatino ló ń yan aṣọ wọn, òun ló ń kọ́ wọn ní eré àti orin. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní òkè òkun, kì í sábà pè é. Ọmọ-ọmọ tó fi sílẹ̀ fún un láti tọ́, ó kú lọ́dún tí àrùn èéyi wọ erékùṣù wa, tó kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ. Láti ìgbà náà, ọmọ gbogbo wa ni ọmọ rẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ni yóò ti máa pè wọ́n jọ sábẹ́ igi, bí o bá sì fẹ́ rí Fuatino tí ojú rẹ̀ ń tàn, ibẹ̀ ni kí o lọ.

Lọ́dún yìí ni Màmá Ìjọ, ìyàwó pásítọ̀ wa tuntun, ní òun fẹ́ fi aṣọ ta àwọn ọmọ lọ́rẹ. Wọn ò tíì pẹ́ láàrin wa. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, inú rere ló fi ṣe é. Ó gbé aṣọ náà wá láti Apia, olú ìlú wa: funfun, ó ń dán yinrin, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi. Gbogbo wa dúpẹ́. Fuatino náà dúpẹ́. Mo rí i pé ó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó sì yára ká ọwọ́ kúrò.

Àárín ìgbà yẹn ni Lanuola dé láti Auckland, lókè òkun. Ọmọbìnrin Aukuso ni, Aukuso sì ni àbúrò Fuatino, ọkùnrin kan ṣoṣo tó bá a fa ọmú ìyá kan náà. N ó sọ èyí kí ó lè yé ẹni tí kì í ṣe ara wa. Láàrin wa, arábìnrin ni ẹyinjú arákùnrin. Májẹ̀mú ni. Ọkùnrin lè bá gbogbo ayé jà, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú ti arábìnrin rẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ kan orúkọ rẹ̀, ara òun ni kó fi gbà á. Àwọn ọmọ tí ọkùnrin náà bí pàápàá, wọn ò jẹ́ gbó arábìnrin bàbá wọn lẹ́nu. Fuatino ló tọ́ Lanuola títí ó fi tó ẹni tó ń lọ sílé ìwé, kí bàbá rẹ̀ tó ránṣẹ́ wá mú un. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpótí pupa, Fuatino sáré débi pé sílípáàsì rẹ̀ kan kù sójú ọ̀nà.

Lanuola ní ìdí fíìmù ni òun ti ń ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, yóò jókòó ti àǹtí rẹ̀, yóò fi aṣọ tuntun hàn án nínú fóònù, yóò yí orin fún un gbọ́, yóò fi fọ́tò àwọn gbajúmọ̀ hàn án, yóò sì wá gbé fóònù náà ti ife kòkó níwájú wọn.

"Àǹtí mi, kí lẹ rí sí èyí?"

"Èyí? Ṣé aṣọ nìyí ni àbí wọ́n ń tún un rán lọ́wọ́ ni?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìnkùlé mi. Inú Fuatino dùn tí kò ṣeé fẹnu sọ. Ó wá bá mi nínú ilé ẹní, ó ní, "Ìyàwó wa, ọmọ àbúrò mi ń béèrè èrò mi! Ẹ̀yin, mo ń fipá sọ ọ́ fún yín ni."

Mo ní, "Fóònù tó máa ń gbé ti ife yẹn, ṣé kò ní ṣubú?"

Ó ní, "Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ló ń retí lórí ẹ̀. Jẹ́ kó máa retí."

Ohun tó rò nìyẹn, ìgbàgbọ́ tó ní nínú májẹ̀mú ló sì mú un rò bẹ́ẹ̀. Níbí, bí ẹnì kan bá fẹ́ gba ohùn àgbà sílẹ̀, á wá ká ẹsẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀, á mú nǹkan lọ́wọ́, á tọrọ àyè. Pé ọmọ arákùnrin ẹni lè ṣe é láìtọrọ, kò lè wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Òyìnbó, bóyá. Ọmọ Aukuso kọ́!

Lọ́jọ́ kan mo gbé gbẹ̀rẹ̀fútù sísun lọ fún wọn, mo bá wọn lórí ọ̀rọ̀ aṣọ tí Màmá Ìjọ rà. Lanuola bi í léèrè bó ṣe rí i. Fuatino ní, "Aṣọ dídán yẹn? Inú pósí ni!" Lanuola bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Fuatino ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Lọ́dún tí èéyi jà, èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú pósí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Irú ẹ̀ gan-an ni. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi báyìí, omijé ò jẹ́ kí n ríran kí n gún abẹ́rẹ́. Mo fi tẹ́ ti ọmọ-ọmọ tèmi náà. Mi ò fẹ́ rí i lára ọmọ tó ń mí. Ṣùgbọ́n Màmá Ìjọ ò sí níbí nígbà náà, kò mọ̀, kò dẹ̀ yẹ kí n bà á nínú jẹ́. Màá rán an." Ó nu ojú rẹ̀. Èmi náà nu tèmi. Fóònù náà wà lójú ibẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni Sefina ọmọ mi tó wà ní Brisbane fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n Fuatino rèé? Gbogbo èèyàn ló ń wò ó níbí o." Mo gbé e lọ bá Fuatino nínú ilé ẹní. Òun náà nìyẹn, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa bùbá tó fún, nípa ọmọge tó ń wẹ̀ lódò, àwọn tí a ò rí sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀rọ.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ohùn mi nìyí? Mo mà ń ké bí ewúrẹ́! Ẹ wo bí mo ṣe jókòó. Ta ló ya eléyìí? Ó gé mi lórí."

Ìgbà náà ni ó kan ti aṣọ. Lanuola béèrè, Fuatino dáhùn: "Aṣọ dídán yẹn? Inú pósí ni!" Ẹ̀rín ẹ̀rọ hó gèè, ó sì parí síbẹ̀.

Fuatino dúró. Ó ní, "Fà á síwájú."

"Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n."

"Kò parí. Ibi tí mo ti sunkún ńkọ́? O wà níbẹ̀, Moelagi. Ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà ńkọ́?"

Mo fà á síwájú, mo fà á sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti dé etí Màmá Ìjọ. Ó sì ti dé etí àwọn ìyá tó sin ọmọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìpàdé àwọn obìnrin. Gbogbo wa mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ Fuatino: Ọjọ́ Ìsinmi Funfun. Ẹni tó pe aṣọ ọmọdé ní aṣọ pósí, tó fi pa ayé lẹ́rìn-ín, ta ló máa kó ọmọ fún un?

Ṣùgbọ́n ọkàn Fuatino balẹ̀. Lanuola ti dì mọ́ ọn, ó ti bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò rò pé ọ̀rọ̀ á dé Saleuta, ó ní òun gé e kúrú ni nítorí àwọn tó ń wò ó kì í fẹ́ kó gùn. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, Àǹtí mi. Mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Màá fi hàn wọ́n ní ìpàdé, màá sọ pé ẹ ò mọ̀."

Fuatino sọ fún mi bí a ṣe ń lọ, "Bí wọ́n bá gbọ́ ìyókù, Màmá Ìjọ fúnra ẹ̀ á sunkún. A lè tiẹ̀ wá fi aṣọ yẹn ṣe kọ́tìnì fèrèsé." Ó ń rẹ́rìn-ín.

Nínú ìpàdé, àwọn ọmọbìnrin ilé jókòó lápá kan, àwa ìyàwó lápá kejì, Màmá Ìjọ wà láàrin. Vaitulu tó sin ọmọ méjì lọ́dún èéyi jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, kò gbé ojú sókè. Màmá Ìjọ ò pariwo. Ó ní, "Fuatino, àlejò ni mí láàrin yín. Bí aṣọ mi ò bá wù yín, ẹ ò bá sọ fún mi. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pósí lẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, nílé tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀?"

Fuatino ní, "Màmá, mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ mi. Ọmọ àbúrò mi rèé, á fi ìyókù hàn yín. Lanuola, gbé e jáde."

Lanuola ń wo ẹní tó jókòó lé. Ó ní, "Kò sí ìyókù."

"Lanuola?"

"Ohun tí Àǹtí sọ náà nìyẹn. Wọ́n dẹ̀ mọ̀ pé mo ń gbà á sílẹ̀. Wọ́n gbà kí n máa ṣe é. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀."

Ariwo ta. Mo dìde, mo ní, "Irọ́ ni! Irọ́ funfun báláú! Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú etí mi méjèèjì!"

Olórí àwọn ọmọbìnrin ilé yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó, jókòó. Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé là ń sọ."

Mo ní mi ò ní jókòó. Àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ mi méjì fà mí nídìí ìró, mo bá jókòó ní túláàsì.

Màmá Ìjọ, kí Ọlọ́run má gbàgbé rẹ̀, ó fẹ́ ṣe òtítọ́. Ó ní kí a pe bàbá ọmọ náà, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, nítorí arákùnrin kì í purọ́ mọ́ arábìnrin rẹ̀. Mo rí i tí Fuatino mí kanlẹ̀, bí ẹni tó rí ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró dè. Ó tiẹ̀ tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé Aukuso á rí i. Wọ́n pè é, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ láàrin, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo ilé. Màmá Ìjọ bi í bóyá Fuatino mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń gba ohùn òun sílẹ̀.

 A ń gbọ́ ariwo mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀, ní Auckland.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Wọ́n sọ fún mi fúnra wọn. Wọ́n ní kó máa ṣe é."

 Fuatino wo fóònù náà nílẹ̀. Ó na ọrùn sún mọ́ ọn, ó ní, "Aukuso, ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ṣeun." Ó wá kọjú sí Màmá Ìjọ. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo mọ̀. Ẹ má bi ọmọdé náà ní nǹkan kan mọ́."

Bí mo bá gbé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, mi ò ní dárí ji ọkùnrin yẹn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ò ní jẹ́ pe òun ní òpùrọ́ lójú ìlú, pé yóò pa májẹ̀mú mọ́ bí òun tilẹ̀ ti já a. Ó fi ìyẹn kọ́ irọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí Fuatino sinmi nínú ètò àwọn ọmọ. Báyìí ni a ṣe ń sọ ọ́ níbí, kí èèyàn sinmi, ó sì yé gbogbo èèyàn.

Mo bá Lanuola ní èbúté láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi padà. Ó ti fi awò dúdú bojú. Mo ní kó yọ ọ́.

Ó ní, "Màmá Moelagi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Àwọn kan fẹ́ gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ti sọ fún wọn pé Àǹtí mi gbà. Bí mo bá ní wọn ò mọ̀, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ọdún mélòó! Bàbá mi náà mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí."

Mo ní, "O ò ṣe wá sọ fún un? Bó o bá ká ẹsẹ̀ jókòó níwájú ẹ̀ tó o tọrọ ẹ̀, ṣé obìnrin yẹn á ní o ò gbọdọ̀? Ẹni tó jẹ́ pé àyè àtisọ̀rọ̀ ló ń wá kiri!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Mi ò rò ó."

"O rò ó. O rò ó dáadáa, o dẹ̀ gé e."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo tún lọ bá Màmá Ìjọ, mo ká ẹsẹ̀ jókòó, mo sọ gbogbo ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ gbẹ̀rẹ̀fútù náà. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó pe Fuatino, ó bi í léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fuatino ní, "Moelagi fẹ́ràn mi ni, Màmá. Ohun tí àbúrò mi sọ ni kí ẹ gbà." Kí ni Màmá Ìjọ á tún ṣe?

Ọjọ́ Ìsinmi Funfun dé. Ẹlòmíràn ló rán aṣọ náà, ẹlòmíràn ló kọ́ wọn ní eré. Àwọn ọmọ wọlé ní ìlà, wọ́n ń dán yinrin lábẹ́ fèrèsé. Vaitulu bo ojú rẹ̀ mọ́ inú abẹ̀bẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké inú wọn ń wẹ̀yìn, wọ́n ń wá Fuatino, nítorí òun ni wọ́n máa ń wò bí ẹsẹ Bíbélì bá sá lórí wọn. Ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Ó wo ilẹ̀ títí wọ́n fi parí.

Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí a ń gbé kókò sísè àti ẹ̀fọ́ oníwàrà àgbọn fún àwọn ọmọ, Màmá Ìjọ wá dúró tì í. Obìnrin náà fẹ́ kí ìjà tán. Ó rọra bi í, "Fuatino, ẹ sọ fún mi tọkàntọkàn. Kí lẹ rí sí i?"

Gbogbo wa tó gbé abọ́ dání dúró. Mo ń retí pé ó máa tú jáde, kó tiẹ̀ bú wa.

Ó ní, "Ó dára, Màmá."

Màmá Ìjọ dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Kò sí nǹkan mìíràn. Fuatino ti gbé abọ́ kókò lọ bá àwọn ọmọ.

Láti ìgbà náà nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé fọ́tò ìgbéyàwó wọ inú ilé ẹní, á wò ó, á ní ó dára, á gbé e fún ẹni tó kàn. Bí àwọn ọmọge bá wọ bùbá tó fún bí awọ ìlù wá, ó dára. Mo tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yí orin burúkú kan fún un, orin ìsìn tí wọ́n ki ìlù ẹ̀rọ bọ̀, mo ní kí ló rí sí i. Ó ní ó dùn. Ilé ẹní wa ti wá dákẹ́ báyìí, ariwo ewé nìkan là ń gbọ́, ẹní tí a ń hun sì ń tètè parí. Inú mi ò dùn sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Lanuola pè mí, kí n bá òun gbé fóònù fún àǹtí òun. Mo fẹ́ pa á. Fuatino na ọwọ́, ó gbà á. Ojú ọmọ náà wà nínú rẹ̀, ó ti ṣe irun ní ọ̀nà kan tí ó jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá, Fuatino ì bá fi odindi ọ̀sán kan sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé ètò náà sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tún fẹ́ sí i. Ó gbé aṣọ kan sókè.

"Àǹtí mi, kí lẹ rí sí èyí?"

"Ó dára, ọmọ mi."

"Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́? Ẹ wò ó dáadáa."

"Ọwọ́ ẹ̀ náà dára."

 Lanuola wá ń pè é, Àǹtí mi, Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Fuatino ní kó kí bàbá rẹ̀, kó má gbàgbé láti jẹun, ó sì dá fóònù padà fún mi.

Ó ní, "Ṣé o ti pa á?"

Mo ní mo ti pa á.

"Ṣé ó kú pátápátá?"

Mo fi ojú fóònù tó ti dúdú hàn án. Mo tì í sínú àpò mi, mo gbé àpò náà lọ síta, mo fi í sílẹ̀ lórí òkúta, mo padà wá jókòó. Àwa méjì péré ló kù nínú ilé náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti lọ. Èmi nìkan ló kù. Irun orí ọmọ yẹn, kí lẹ rí sí i?"

Ó wo àpò náà níta, ó wá wò mí.  Lẹ́yìn náà ó mú ewé tuntun, ó sì ń hun ẹní lọ.

Ó ní, "Ó dára."